Gbèsè Tí A Kò Kọ Sílẹ̀: Nàìjíríà Nínú Ogun Hítílà

 

Gbogbo ẹni tí ó ń ka Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ni ó mọ̀ pé āyà tí ó gùn jù lọ nínú rẹ̀ ni āyà 282 nínú Sūratul-Baqarah. Āyà yìí kò dá lórí ogun, kò sì dá lórí ìrìn-àjò Hájì. Gbèsè ni ó dá lé lórí. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé bí àwọn ènìyàn bá ń jẹ ara wọn ní gbèsè, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí akọ̀wé tí ó kọ ọ́ jẹ́ olódodo, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà tóbi. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, ẹni tí ó jẹ ẹ́ yóò sọ ọ́ di ẹ̀bùn, ẹni tí a jẹ náà yóò sì gbàgbé pé òun ní ohun kan í gbà.

Irú gbèsè bẹ́ẹ̀ wà fún ilẹ̀ Nàìjíríà lọ́rùn àwọn tí ó ṣẹ́gun nínú Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní Ogun Hítílà. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, ilẹ̀ yìí fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ogun ní òkèèrè, ó sì fi oúnjẹ rẹ̀, kòkó rẹ̀, èkùrọ́ rẹ̀ àti tíìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún ogun kan náà nílé. Kò sí ìwé àdéhùn, kò sí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ogun parí, ajigbèsè pe gbèsè náà ní ìrànlọ́wọ́, ó dúpẹ́ díẹ̀, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí a jẹ ní gbèsè, àní àwa ọmọ Nàìjíríà, gbà bẹ́ẹ̀.

ORÚKỌ TÍ A Ń PÈ LÁÌMỌ̀

Ọ̀dọ́ tí ó bá kúrò ní Àgọ́ Palace, tí ó gba Ìsọlọ̀ àti Múṣín lọ sí Ojúẹlẹ́gba, yóò gbọ́ tí kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé Bárékè, Bárékè. Abalti ni orúkọ bárékè náà. Bí ó bá yà sí Yábàá, yóò bá Myhaung àti Marda pàdé. Bí ó bá forí lé Àpápá, Arakan wà níbẹ̀. Ní Ìkòyí, yóò rí Dodan, ibi tí àwọn ológun ti ń ṣe ìjọba lé gbogbo Nàìjíríà lórí títí olú-ìlú fi kó lọ sí Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún 1991. Bí ó bá dé Ìbàdàn, bárékè tí ó wà ní Mọ́kọ́lá ń jẹ́ Letmauk.

Ẹ bi ọ̀dọ́ náà léèrè: ta ni Abalti? Níbo ni Letmauk wà? Yóò rò pé orúkọ ọ̀gágun kan ni, tàbí kí ó ní èdè àwọn sójà ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀ ti ṣàn ni. Abalti wà létí odò Omo ní ilẹ̀ Etiópíà. Marda jẹ́ ọ̀nà tóóró láàárín àwọn òkè ní ilẹ̀ Etiópíà kan náà. Arakan, Myhaung, Dodan àti Letmauk wà ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar lónìí. Àwọn ológun tí ó padà bọ̀ kọ orúkọ wọ̀nyí sára ògiri kí ọmọ wọn má baà gbàgbé. Ọmọ ń ka orúkọ náà lójoojúmọ́ nínú mọ́tò, ó sì ti gbàgbé.

ÈRÒ MÉJÌ TÍ Ó ṢÌNÀ

Nígbà tí a bá dárúkọ ogun yìí láàárín àwọn ọ̀dọ́, èrò méjì ni ó máa ń jáde. Àwọn kan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onítara ẹ̀sìn, a máa sọ pé ogun àwọn Nàsárà láàárín ara wọn ni, kò kan Mùsùlùmí, ẹni tí ó bá lọ kú níbẹ̀ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣòfò. Àwọn kejì, tí wọ́n kàwé òyìnbó tí òye rẹ̀ kò yé wọn dáadáa, a máa sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ayé là lọ́wọ́ Hítílà, pé ìwọ̀nba ìrànlọ́wọ́ ni Áfíríkà ṣe, àti pé òmìnira tí wọ́n fún wa ní 1960 ti tó ní ọpẹ́.

Èrò kìíní kò mọ ẹni tí ó jà. Èrò kejì kò mọ ẹni tí ó sanwó. Ẹ jẹ́ kí a gbé méjèèjì yẹ̀ wò.

OGUN TÍ WỌ́N JÀ NÍ ÒKÈÈRÈ

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, Gẹ̀ẹ́sì kéde ogun sí Jámánì. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ní Èkó, ní Kánò tàbí ní Ẹnúgu. Nítorí pé ilẹ̀ yìí wà lábẹ́ wọn, ó ti wà nínú ogun náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó lé ní 100,000 ọmọ Nàìjíríà tí ó wọ iṣẹ́ ológun kí ó tó parí. Àwọn kan fúnra wọn lọ, nítorí owó oṣù, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tí wọn yóò kọ́, tàbí nítorí pé wọ́n kórìíra ohun tí Hítílà ń sọ nípa ènìyàn dúdú. Àwọn mìíràn, ọba àti baálẹ̀ wọn ni ìjọba ní kí ó kó wọn wá, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ̀. Apá púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá láti Òkè Ọya ni ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n ń kírun lójú ogun, tí wọ́n sì ń gbààwẹ̀ nínú igbó.

Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn lọ. Àwọn ará Ítálì ti ya wọ Etiópíà láti 1935, wọ́n sì ti fi afẹ́fẹ́ olóró pa àwọn ènìyàn níbẹ̀. Bìrìgéèdì Nàìjíríà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 23, gbéra láti Kẹ́ńyà, ó sì gba Mogadishu ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1941. Láti ibẹ̀ wọ́n rin ọ̀nà tí ó lé ní 700 máìlì dé Jijiga láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gba Marda lọ́wọ́ ọ̀tá, wọ́n sì wọ Harar, ìlú àtijọ́ àwọn Mùsùlùmí, nínú oṣù kẹta ọdún kan náà. Ilẹ̀ Habaṣa nìyẹn, ilẹ̀ tí ó gba àwọn Sàhábà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń fi ìyà jẹ wọ́n. Bí ọmọ Kánò àti ọmọ Ìbàdàn bá lọ lé aninilára kúrò ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dìde sọ pé kò kan Mùsùlùmí?

Lẹ́yìn náà ni Bọ́mà dé. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kó ré kọjá òkun lọ bá àwọn ará Jàpáàn jà níbẹ̀, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì ni wọ́n pín wọn sí, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 81 àti èyí tí ó jẹ́ 82. Àmì ẹgbẹ́ 81 ni aláǹtakùn dúdú. Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán wọn sí láti ìparí 1943 wọ 1944. Mọ́tò kò lè rìn níbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú ni ó ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ni àwọn aláàárù ológun sì fi ń ru ẹrù gun òkè, nínú òjò, nínú ẹrẹ̀, nínú ibà. Nínú oṣù kìíní ọdún 1945, ọwọ́ wọn tẹ Myohaung, èyí tí a ń pè ní Myhaung ní Yábàá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú kò ní sàréè. Orúkọ wọn ni wọ́n kọ sára òpó òkúta ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, níbi tí nǹkan bí 27,000 orúkọ àwọn ológun tí a kò rí sàréè wọn wà. Orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà láàárín wọn, ní ìlú tí ìyá wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

MÙSÙLÙMÍ ARAKAN ÀTI ỌMỌ Ọ̀WỌ̀

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yìí mọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Onígbàgbọ́ ni. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáàn ká àwọn olùtọ́jú náà mọ́ etí odò Kaladan. Ọta ìbọn fọ́ egungun itan rẹ̀, ó sì tún bà á ní ikùn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni ó ṣẹ́ kù nínú igbó náà, tí ẹnikẹ́ni kò rí gbé wọn.

Àwọn ará abúlé ni ó ń jí oúnjẹ gbé lọ fún wọn. Nígbẹ̀yìn, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí ará Arakan, gbé wọn wọ inú ilé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Jàpáàn bá rí wọn, ikú ni èrè rẹ̀, àti ti ìyàwó rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì pa wọ́n mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì lò ní ìfarapamọ́ kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ibẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1944. Fadoyebo padà sí Nàìjíríà, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ní 2011, oníròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Barnaby Phillips, gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ lọ bá ẹbí Shuyiman ní Bọ́mà. Shuyiman ti kú. Fadoyebo náà kú ní 2012.

Kí ẹni tí ó ń sọ pé ogun náà kò kan Mùsùlùmí wo ilé Shuyiman. Kò béèrè ẹ̀sìn àlejò kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn. Kò sọ pé ogun àwọn Nàsárà ni. Ó rí ọmọdékùnrin méjì tí ń kú lọ, ó sì rántí Ọlọ́hun tí ó dá wọn.

Kí sì ni wọ́n fi san án fún àwọn ènìyàn rẹ̀? Àwọn Mùsùlùmí Arakan ni ayé ń pè ní Rohingya lónìí. Ní 1982, ìjọba Bọ́mà ṣe òfin tí ó sọ wọ́n di aláìnílùú lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Ní 2017, àwọn ológun fi iná àti ìbọn lé wọn, tí ó lé ní 700,000 nínú wọn sì sá wọ Bangladesh. Àwọn ìjọba ńlá tí ó ti jẹun nínú àwo wọn nígbà ogun sọ̀rọ̀, wọ́n sì kó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ibùdó àwọn tí ó sá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ bàbá wọn kò tíì padà sọ́wọ́ wọn. Gbèsè tí a kò kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí.

OGUN TÍ WỌ́N JÀ NÍLÉ

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ka ìtàn ogun, ìbọn nìkan ni wọ́n máa ń wò. Wọn kì í wo ìkòkò ọbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí kò gbé ìbọn rí lọ́wọ́ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹrù ogun yìí lé lórí ní Nàìjíríà.

Nígbà tí Jàpáàn gba Malaya àti Singapore ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, tíìnì àti rọ́bà tí Gẹ̀ẹ́sì ń rí níbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìlú Jọ́s ni wọ́n yíjú sí. Ìjọba kó ọkùnrin tí ó lé ní 100,000 láti abúlé wọn ní Òkè Ọya lọ wa kùsà níbẹ̀ ní tipátipá láàárín 1942 sí 1944. Òtútù orí òkè, oúnjẹ tí kò tó àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn wọ̀nyí kò wọ aṣọ ológun, ẹnikẹ́ni kò fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ, kò sì sí bárékè kankan tí ń jẹ́ orúkọ wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kòkó ni. Láti ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìjọba gba gbogbo ọjà kòkó sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi àjọ kan ṣe alákòóso rẹ̀ ní 1940, ó sì dá iye lé e fún àgbẹ̀. Nígbà tí kòkó wọ́n lọ́jà àgbáyé, àgbẹ̀ kò gba ju iye tí ìjọba dá lọ. Èrè tí ó kù wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Owó àgbẹ̀ Oǹdó, ti Ìbàdàn àti ti Iléṣà ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò láṣẹ láti fọwọ́ kàn án.

Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n gógó. Ìjọba gbé Kápútéènì Pullen kalẹ̀ láti dá iye lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn, iye tí kò tó ohun tí ọlọ́jà fi rà á lóko tí ó sì fi gbé e wọ ìlú. Wọ́n ṣí ọjà tiwọn, wọ́n fòfin de ọlọ́jà, wọ́n sì ń mú ẹni tí ó bá tà ju iye náà lọ. Ta ni ó dìde? Obìnrin Mùsùlùmí kan tí kò mọ ìwé kọ, tí kò mọ̀ ọ́n kà, Àlímọ́tù Pẹlẹwúrà, ẹlẹ́ja, olórí ọjà Eréko àti olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1940, òun ni ó ṣáájú àwọn obìnrin nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ wọn, tí ìjọba sì ní láti sún ẹ̀yìn. Nígbà ọ̀rọ̀ gàrí, Pullen fi owó lọ̀ ọ́ kí ó lè bá ìjọba ṣe é. Kò gbà á. Àwọn obìnrin náà kò yé jà títí ìjọba fi mú òfin náà kúrò ní 1945. Ní Abẹ́òkúta náà, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà ní tipátipá títí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ.

Ẹ̀yin arábìnrin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹnikẹ́ni má tan yín pé obìnrin Mùsùlùmí kò ní ipa nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ibi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí gómìnà ni ìyá ẹlẹ́ja yìí ti dúró lójúkojú pẹ̀lú ìjọba tí ń ja ogun àgbáyé.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò dákẹ́. Owó oṣù dúró sójú kan, ọjà ń gòkè. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni ìjọba ti mú sẹ́wọ̀n láti 1943. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà ọdún 1945, lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 30,000 da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ọkọ̀ ojú irin tí ń gba Oṣòdì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn dúró. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí owó àjẹmọ́nú wọn fi ìdajì pọ̀ sí i, kí owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè méjì ààbọ̀ lóòjọ́. Ó lé ní oṣù kan tí ìyanṣẹ́lódì náà fi wà. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ, a sì fi ìdajì náà kún owó wọn. Ẹ kíyè sí i: apá kékeré kan nínú gbèsè náà tí ó san, àwọn tí ó dúró béèrè rẹ̀ ni wọ́n san án fún.

ÌLÉRÍ ÀTI ÌDÁHÙN

Ajigbèsè kò lè sọ pé òun kò ṣèlérí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Churchill àti Roosevelt gbé ìwé kan jáde tí ó sọ pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Nínú oṣù kan náà, Attlee, igbákejì Churchill, sọ fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ dá sílẹ̀, pé gbogbo ẹ̀yà ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Churchill fi dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, tí ó sì ṣàlàyé pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà lábẹ́ Hítílà ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn tí ń kú lójú ogun nítorí òmìnira ẹlòmíràn kò sí nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1945, nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì wà ní Bọ́mà, Gómìnà Arthur Richards gbé ètò ìṣèlú tuntun jáde fún Nàìjíríà láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ará ìlú.

Ibòmíràn sì wà tí ìbọn ni ó dáhùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye ní ilẹ̀ Senegal, àwọn ológun Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn Jámánì bọ̀, nítorí pé wọ́n béèrè owó oṣù tí a jẹ wọ́n. Faransé pe òkú náà ní 35, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ní ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgọ́rin ọdún kọjá, ó di 2024, kí ààrẹ Faransé tó pè é ní ìpakúpa. Ní Accra, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tí ó ti Bọ́mà bọ̀ ń gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ sọ́dọ̀ gómìnà, láìní ohun ìjà lọ́wọ́. Wọ́n yìnbọn sí wọn, ènìyàn mẹ́ta kú. Ohun tí Jàpáàn kò rí ṣe fún wọn, àwọn tí wọ́n jà fún ni ó ṣe é.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ALÁTAKÒ

Ẹnì kan yóò sọ pé, bí Hítílà bá borí, ẹrú ni ìbá fi wá ṣe, nítorí náà ara wa ni a jà fún. Òótọ́ ni pé Hítílà burú, òótọ́ sì ni pé ó tọ́ kí a lé e. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ méjì bá jọ lé ọ̀bọ kúrò lóko, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọ̀kan nínú wọn sọ pé òun nìkan ni yóò kórè, pé kí èkejì dúpẹ́ pé ọ̀bọ kò bu òun jẹ? Dídára tí iṣẹ́ dára kò pa owó iṣẹ́ rẹ́. Bí ogun náà bá jẹ́ ti gbogbo wa, ìṣẹ́gun rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gbogbo wa.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé òmìnira 1960 ni owó náà. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Òmìnira jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fi jíǹkí ènìyàn, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹni tí ó jí ewúrẹ́ rẹ tí ó sì dá a padà kò tíì san gbèsè tí ó jẹ ọ́.

ṢÙGBỌ́N TA NI Ó GBÀGBÉ JÙ?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A ti fi òwe yìí bá Gẹ̀ẹ́sì wí. Ó ku kí a fi bá ara wa wí.

Nígbà kan rí, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni Nàìjíríà fi ń rántí àwọn ológun rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ó ja ogun náà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, ìjọba gbé e lọ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní. Ó dára kí a rántí ogun abẹ́lé, ṣùgbọ́n àwọn ará Bọ́mà di ẹni ẹ̀yìn lọ́jọ́ ara wọn. Ẹ̀kọ́ ìtàn fúnra rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2009 kí wọ́n tó ní kí a dá a padà. Nínú ọdún wọ̀nyí, àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ti ṣe ìwọ́de léraléra ní Àbújá nítorí owó wọn tí ìjọba jẹ wọ́n. Ta ni ó kọ́ ìjọba Nàìjíríà ní irú ìwà yìí? Òyìnbó ni ó fi lélẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ti lọ láti 1960.

Kì í sì í ṣe ìjọba nìkan. Mélòó nínú àwọn tí ń dúró ní sàfù àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí, ní Àgọ́ Palace àti ní gbogbo Ìsọlọ̀, ni ó ń jẹ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lówó oṣù mẹ́ta? Mélòó ni ó gba bíríkìlà síṣẹ́ láìsọ iye, tí ó wá ń bá a jiyàn nígbà tí ògiri gòkè? Ànábì (S.A.W.) kọ́ wa pé kí a má ṣe fi owó alágbàṣe falẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀lé èyí nínú ilé rẹ̀ kò ní ẹnu láti fi bá Churchill wí.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN Ẹ̀YIN Ọ̀DỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà lọ sí ilé aṣojú Ukraine ní Àbújá láti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ jà, títí ìjọba fi sọ pé òun kò gbà. Láti ìgbà náà, ìròyìn ti jáde léraléra nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n tàn lọ sí Rọ́ṣíà nítorí iṣẹ́, tí wọ́n sì bá ara wọn lójú ogun. Àìríṣẹ́ṣe ni ó ń lé wọn, bí ó ti lé ọ̀pọ̀ lọ ní 1940. Ọ̀dọ́ tí kò mọ ohun tí wọ́n fi san án fún baba ńlá rẹ̀ ni yóò tún ta ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ní ọ̀pọ̀. Nítorí náà:

Èkíní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ja ogun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà ní àdúgbò yín. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá wọn kàn. Ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, àwòrán àti àmì ẹ̀yẹ wà nínú àpótí tí eku ń jẹ. Ẹ kọ orúkọ, ìlú, ọdún àti ibi tí wọ́n ti jà. Ẹ kọ ti àwọn awakùsà àti àwọn ìyá ọlọ́jà pẹ̀lú, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kọ tiwọn rí.

Èkejì, ẹ má ṣe wọ ogun ẹlòmíràn nítorí ebi. Ẹni tí ó bá pè yín, ẹ bi í pé: kí ni ẹ̀tọ́ ọ̀dọ́ náà, ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, ta ni ẹlẹ́rìí, ta ni yóò tọ́jú ìyá rẹ̀ bí kò bá padà? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ padà sílé.

Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ẹ̀tọ́ yín bí Pẹlẹwúrà àti àwọn òṣìṣẹ́ 1945 ti béèrè, lápapọ̀, láìbẹ̀rù, láìgba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì san ẹ̀tọ́ tí ó wà lọ́rùn ẹ̀yin náà kí oòrùn ọjọ́ iṣẹ́ tó wọ̀.

Ní ọjọ́ Ìdájọ́, a kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé orílẹ̀-èdè wo ni ó ṣẹ́gun ní 1945. Ohun tí a óò béèrè ni ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì: ẹni tí ó jẹ ẹ́, ẹni tí ó san án, àti ẹni tí ó rí i tí ó dákẹ́. Ìwé ọjọ́ náà kò ní àṣìṣe, Ẹni tí ó kọ ọ́ kì í gbàgbé.

Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní ẹni tí ń mọ oore, tí ń san gbèsè, tí kì í sì í ràn aninilára lọ́wọ́. Àmín.